Ọdún Iṣu Tuntun ní Ilẹ̀ Nàgó: Ohun tí ń Dá Ọjọ́ Ọdún

Ní èdè Yorùbá-Nàgó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe àsìkò oṣù méjìlá àti àjọ̀dún tí ìlú ń ṣe. Ọdún ni ti àkọ́kọ́, ọdún náà ni ti èkejì. Àgbà tí ó bá sọ pé «ọdún ti dé» lè máa sọ̀rọ̀ nípa ìlù tí yóò dún lọ́la, ó sì lè máa ṣírò ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí èdè Faransé ní láti yan ọ̀kan nínú méjì, bí ó bá sì ti yan ọ̀kan, èkejì a sọnù. Kì í ṣe àìní ọ̀rọ̀ ni ó mú kí méjèèjì papọ̀. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé, lójú àgbẹ̀, ọdún kì í yí padà títí ìlú yóò fi ṣe ohun kan tí yóò fi hàn pé ó ti yí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti lọ́dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Togo, ohun náà ni jíjẹ iṣu tuntun.

Kí ènìyàn tó lè mọ bí ọdún iṣu ti ṣe yàtọ̀, ó dára kí ó wo bí wọ́n ṣe ń dá ọjọ́ àwọn ọdún mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kò dọ́gba rárá. Gaani, ọdún ńlá àwọn Baatonu ní Nikki, òṣùpá ni ó ń tẹ̀lé. Ó máa ń bọ́ sí àsìkò tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe ìrántí ìbí Ànábì, nítorí náà ó ń yí ká: lọ́dún mìíràn a bá òjò, lọ́dún mìíràn a bá ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún Bonfim tí àwọn Agudà, ìyẹn àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wá, ń ṣe ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kìíní, kàlẹ́ńdà Ìjọ ni ó dá a. Ìsìn ni ó ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ijó bùríyàn àti fẹ̀ṣúádà, ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹran sè, tí gbogbo ìdílé ń jùmọ̀ jẹ. Ọjọ́ àwọn ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní oṣù kìíní, òfin ìjọba ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Kétu, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tí ó ṣe iyebíye jù lọ láyé, ní àkókò tirẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ṣùgbọ́n ìlú tún lè pè é jáde nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọlé.

Òṣùpá, Ìjọ, ìjọba, ìlú: olúkúlùkù ní ọdún tí ó ń dá. Ti iṣu yàtọ̀, nítorí pé nǹkan tí wọ́n fẹ́ jẹ gan-an ni ó ń sọ ọjọ́ tí wọn yóò jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ iṣu gùn, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìtàn ọdún iṣu láìsọ ti oko. Ní agbègbè tí ìjọba ń pè ní Collines, ìyẹn ilẹ̀ àwọn òkè, níbi tí Ṣábẹ, Ìdáàṣà, Bàǹtè, Glazoué àti Savalou wà, àwọn àgbẹ̀ máa ń kọ ebè nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbin èèbù sínú rẹ̀, wọn a sì fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn má baà jó èèbù náà. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ìtàkùn a yọ, wọn a fi igi gbè é. Láti oṣù keje lọ sí oṣù kẹjọ, irú iṣu tí ó ń tètè ta yóò ti máa fi ara hàn: orí ebè a là, ilẹ̀ a máa sán díẹ̀díẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá rí i kò nílò kàlẹ́ńdà kankan.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn iṣu àkọ́tà yìí ní ọjà Bẹ̀nẹ̀ ni Laboko, òun sì ni àwọn tí ó fẹ́ràn iyán ń wá. Àgbẹ̀ kì í hú u tìdí-tìdí. A fi ọwọ́ tàbí àdá kékeré tú ẹ̀gbẹ́ ebè, a gé iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, a rí i pé gbòǹgbò kò já, a sì tún da erùpẹ̀ bò ó padà. Ìtàkùn náà kò ní kú. Yóò tún ta àwọn iṣu kéékèèké mìíràn, tí wọn yóò wà ní nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ti odó. Àwọn ni èèbù ọdún tí ń bọ̀. Ebè kan náà ni ó bọ́ ilé lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì tún pèsè ohun gbígbìn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Bí wọ́n bá wa iṣu náà ní kùtùkùtù jù, yóò kéré, yóò lómi, yóò sì yára jẹrà. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù, òjò tí ó kù kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé kò ní tó fún ìtàkùn láti ta èèbù. Àgbẹ̀ náà yóò ní láti ra èèbù ní ọjà, èèbù sì wọ́n. Àlàfo tí ó wà láàárín àṣìṣe méjèèjì kò fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ìgbà tí ìdánwò pọ̀ jù ni ìgbà yìí: iṣu àná ti tán nínú àká, àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó, àwọn ọmọ ń sunkún oúnjẹ, iṣu tuntun sì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó wà. Èèwọ̀ tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ iṣu tuntun kí àwọn àgbà tó fi bọ ohun tí wọ́n ń bọ, òun ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Ọdún fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ èkejì, nítorí pé lọ́jọ́ tí ìlú bá ti tọ́ iṣu wò, gbogbo oko ni ó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí yóò tún máa fi ọwọ́ lẹ́rán. Àwọn tí ó ti pe èèwọ̀ yìí ní ìgbàgbọ́ asán, ojúbọ ni wọ́n wò. Wọn kò wo ebè.

Ìlànà títọ́ iṣu wò kò rí bákan náà láti ìlú dé ìlú, kò sì yẹ kí ìwé kan sọ ọ́ di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀léra rẹ̀ jọra: àwọn tí a kò rí ni ó ń kọ́kọ́ jẹ, àwọn àgbà tẹ̀ lé e, ilé ni ó kẹ́yìn. Babaláwo kì í jẹ iṣu tuntun kí Ọ̀rúnmìlà tó jẹ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń bọ Òrìṣà Oko, òun náà ní ìpín tirẹ̀ nínú iṣu àkọ́wà. Àwọn òkú ọ̀run ìdílé ń gba tiwọn lójú oórì tàbí ní ìdí ògiri ilé. Ní ilé tí ó ti di ti Kìrìsìtẹ́nì tàbí ti Mùsùlùmí, ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n fi ojúbọ sílẹ̀, wọ́n sì pa ìtẹ̀léra náà mọ́: baba àgbà ni yóò kọ́kọ́ fi òkèlè kan ẹnu.

Lẹ́yìn èyí ni odó ń gba ìlú. Iṣu tuntun ní omi púpọ̀ lára, nítorí náà ìyàwó ilé tí ó mọ iyán gún kì í yára bu omi sí i. Yóò kọ́kọ́ fi ọmọ odó fọ́ ọ títí kókó rẹ̀ yóò fi tán. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tàbí ọbẹ̀ ẹ̀pà ni ó sábà máa ń bá a rìn, pẹ̀lú wàgàṣì, wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe, tí wọ́n ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa. Wàgàṣì yìí yẹ fún àkíyèsí ní ẹ̀gbẹ́ kan: àwọn tí ń ṣe é kì í ṣe Nàgó, wọn kì í ṣe àgbẹ̀ iṣu, síbẹ̀ ọdún iṣu kò pé láìsí i.

Ọdún iṣu tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí kì í ṣe ti Nàgó. Ti Savalou ni, lọ́dọ̀ àwọn Maxi, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò Nàgó láti ìgbà pípẹ́. Ọba wọn, tí orúkọ oyè rẹ̀ ń jẹ́ Gbaguidi, ni ó ń ṣe olórí rẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ sì ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún. Orúkọ ọdún náà ní èdè wọn ni teɖuɖu: te ni iṣu, ɖu ni jẹ. Ẹni tí ó bá mọ «ìjẹṣu» ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èdè méjì ni, èrò kan náà ni.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ kò ti inú ebè wá. Ó jẹ́ ọjọ́ tí Ìjọ Kátólíìkì ń ṣe ọdún Ìgbàsókè Màríà, ìsinmi sì ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí náà àwọn ọmọ ìlú tí ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ lè wálé. Ní oṣù kan náà ni àwọn Kátólíìkì ń rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí ihò Arígbó ní Ìdáàṣà. Ojú ọ̀nà a kún. Àwọn obìnrin a to iṣu tuntun jọ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tí ó lọ gbàdúrà àti ẹni tí ó lọ jó ń ra á lọ́wọ́ olùtajà kan náà.

Kò sí àbùkù nínú dídá ọjọ́ kan fún àjọ̀dún. Láìsí ọjọ́ tí ó dúró lójú kan, àwọn tí ó wà ní ìrìn-àjò kò lè mọ ìgbà tí wọn yóò padà wá, àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú ńlá kò sì ní mọ ilé baba wọn. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ tilẹ̀ bá ìgbà iṣu àkọ́tà mu ní ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì dájú pé ẹni tí ó yàn án kò mọ oko. Ibi tí wàhálà wà ni ọdún tí òjò bá pẹ́. Òjò lè pẹ́. Ọjọ́ 15 kì í pẹ́. Nígbà náà, iṣu tí ó wà lórí àwo lè jẹ́ èyí tí wọ́n wà kí ó tó gbó, tàbí èyí tí ọkọ̀ gbé wá láti oko ẹlòmíràn. Ojú kò ní tètè rí ohun tí ó sọnù, nítorí pé ìlù yóò dún, iyán yóò funfun. Ohun tí ó sọnù ni ìbéèrè kan tí àwọn àgbà máa ń bi ara wọn: ṣé ebè ti là? Bí ìwé ìkéde bá ti dá ọjọ́, kò sí ẹni tí yóò tún bèèrè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè kì í sì pẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ.

Ó yẹ kí olùṣèwádìí tún kíyè sí irú iṣu tí kò ní ọdún. Kokoro kì í ta tètè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń wà á, ó kéré, kò sì lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bó o, wọ́n ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n ń sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Láti inú rẹ̀ ni èlùbọ́ ti ń jáde, láti inú èlùbọ́ ni àmàlà. Ó ń pẹ́ nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń rin ọ̀nà jíjìn, ó sì ń bọ́ àwọn ará Kútọnu nígbà tí Laboko ti di ìtàn. Kò sí ìlú tí ó ń lu ìlù fún un. Iṣu tí ó ń tètè jẹrà, tí ó sì ń dé nígbà tí ebi ń pa ènìyàn, òun ni wọ́n ń yẹ́ sí. Èyí tí ó ń dúró tini kò gba ọpẹ́.

Bí ènìyàn bá kọjá ààlà sí Togo, ní Atakpamé àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, yóò bá àwọn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana. Àwọn náà ń ṣe ọdún iṣu, orúkọ tí ìwé ìkéde ìjọba sì ń kọ ni Odon-Itsu. Òǹkàwé láti Kétu tàbí Ṣábẹ tí ó bá kọ́kọ́ rí i lójú ìwé lè rò pé èdè àjèjì ni. Bí ó bá kà á sókè, etí rẹ̀ yóò gbọ́ «ọdún iṣu». Fáwẹ̀lì àránmúpè tí ó parí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti ṣí díẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì tí ó wà láàárín èkejì ti di ts. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990, ń kọ ọ́ ní ɔdún ishu. Ìwé tí ó ti Nàìjíríà wá ń kọ ọ́ ní ọdún iṣu. Àgbẹ̀ mẹ́ta lè jókòó nídìí àwo kan, kí wọ́n gbọ́ ara wọn dáadáa, kí ìwé wọn má sì jọ ara wọn. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó wà nítòsí ààlà kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yìí nìkan tó láti fi hàn wọ́n pé ìyàtọ̀ lẹ́tà kì í ṣe ìyàtọ̀ èdè.

Ìrìn-àjò tí ó jìn jù lọ ni ti Brazil. Ní ìlú Salvador, àwọn ilé òrìṣà tí ó ń pe ara wọn ní ti Kétu ń ṣe ayẹyẹ kan fún Òṣàgiyán, òrìṣà tí iyán wà nínú orúkọ rẹ̀. Pilão de Oxaguiã ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe odó Òṣàgiyán, iṣu gígún sì ni oúnjẹ rẹ̀. Òjò Salvador kò bá ti Kétu mu. Iṣu ibẹ̀ kò sì ní ìdí kankan láti ta ní ọjọ́ tí ti Kétu ń ta. Oko ti já kúrò lára ọdún náà pátápátá. Ohun tí ó kù ni odó, iṣu, àti orúkọ òrìṣà kan, ìwọ̀nyí sì ti tó láti jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ èdè mọ ibi tí ayẹyẹ náà ti wá. Àpẹẹrẹ yìí dára fún àwọn tí ó rò pé àṣà a kú lọ́jọ́ tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ó sì tún jẹ́ ìkìlọ̀, nítorí pé orúkọ ni ó dúró, ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń wa iṣu kí ìtàkùn má kú kò bá a dé òkè òkun.

Fún òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ìṣòro kan wà tí kò hàn lójú ẹsẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kíláàsì àwọn àgbà sábà máa ń wáyé, nígbà tí oko kò gba ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ebè àti èèbù máa ń wọ inú ẹ̀kọ́ láìsí wàhálà, nítorí pé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwàṣu àkọ́kọ́, ti ìtọ́wò, ti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọjọ́ ti pé, ń bọ́ sí oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí kíláàsì ti túká. Ohun tí ó máa ń ṣẹ́ kù fún ìwé kíkà ni gbólóhùn bíi «ní ọjọ́ ọdún, gbogbo ènìyàn jẹ iyán». Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kọ́ àgbẹ̀ ní ohunkóhun, kò sì fún ọmọ rẹ̀ ní ohun tí yóò bèèrè.

Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá láti tún èyí ṣe. Olùkọ́ tí ó bá fi ọjọ́ méjì lọ sí oko ní ìparí oṣù keje, pẹ̀lú ìwé kékeré kan, yóò rí ohun tí yóò kún ẹ̀kọ́ mẹ́wàá. Kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń wa iṣu, kí ó sì jẹ́ kí ó ṣe é lójú rẹ̀, kí ó máa dárúkọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe: orúkọ ibi tí ó ti gé iṣu, orúkọ orí tí ó fi sílẹ̀, orúkọ ohun tí yóò tún hù. Àwọn orúkọ wọ̀nyí lè yàtọ̀ ní Ṣábẹ sí ti Bàǹtè. Kí ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti gbọ́ ọ, kí ó sì kọ orúkọ abúlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó bi obìnrin tí ń gún iyán léèrè irú iṣu tí ó kọ̀ láti fi sí odó àti ìdí rẹ̀. Nípa irú iṣu, obìnrin kì í sọ ohun kan náà tí ọkọ rẹ̀ sọ. Kí ó bi àgbà tí ń ṣáájú ìtọ́wò léèrè ohun tí ìlú ṣe ní ọdún tí òjò kò tètè rọ̀, ṣé wọ́n sún ọdún síwájú, tàbí wọ́n fi díẹ̀ bọ, kí wọ́n sì dúró. Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú àwọn ìwé tí ó wà nílẹ̀.

Kí ó sì má ṣe fi àmì ohùn ṣeré nígbà tí ó bá ń kọ ọ́. Láìsí àmì, èèbù tí àgbẹ̀ ń gbìn kò yàtọ̀ sí èébú tí àwọn oníjà ń bú ara wọn. Odó ìyàwó ilé kò yàtọ̀ sí odò tí ó ti pọnmi. Ìyàtọ̀ tí ó kéré jù lójú, tí ó sì wúwo jù létí, ni ti iyán àti ìyàn. Ohùn nìkan ni ó ya ọdún iyán, tí ìlú ń jó, sọ́tọ̀ kúrò lára ọdún ìyàn, tí ènìyàn ń jẹ èèbù rẹ̀ sè.